Ẹ San Owó Ilẹ̀ Kí Katapílà Tó Dé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà àti Àwọn Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó

Amúkòkò,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn,
Èkó.

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, àti ẹ̀yin ọlọ́lá ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó, Aláùsá, Ìkẹjà.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù ka ìwé yìí dé òpin, torí ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ni. Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Nígbà tí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú, kí ó san owó ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ owó búlọ́ọ̀kù àti páànù nìkan. Kí owó náà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín kí katapílà tó dé ojúlé rẹ̀. Ilẹ̀ tí a bá sì fi orúkọ ará ìlú gbà, kó má ṣe bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò tó bá di ọ̀la.

Kò sẹ́ni tó ń gbé Amúkòkò tó máa ní kí ìjọba má la ọ̀nà. Bí òjò bá rọ̀, a mọ ohun tí ojú wa ń rí lọ́wọ́ gọ́tà tó dí. Bí tírélà bá dí ọ̀nà Àpápá pa, àwa la ń fẹsẹ̀ rìn délé. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá láti Marina lọ sí Mile 2. Èmi náà ń wọ̀ ọ́, mo sì ń dúpẹ́. A mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣeé ṣe kí wọ́n má gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Ohun tó ń dùn wá ni pé òfin tí wọ́n fi ń gba ilẹ̀ lónìí ń di gbèsè ọ̀nà tí gbogbo Èkó máa rìn lé orí ẹnì kan ṣoṣo tí ilé rẹ̀ wà lójú ọ̀nà náà.

Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Àpápá, tó fara kan tiwa, ni wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan rí.

Ní ọdún 1913, ìjọba amúnisìn gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ ńlá kan ní Àpápá. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan lára àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, ló ń mójú tó ilẹ̀ náà fún ìdílé rẹ̀ àti àwọn tó ń gbé orí rẹ̀. Ìjọba kò sọ pé àwọn ò ní san nǹkan kan. Ohun tí wọ́n sọ ni pé olóyè kọ́ ló ni ilẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí Ọba Dòsùnmú ti fọwọ́ sí ìwé ọdún 1861 tó fi Èkó lé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ilẹ̀ ti di ti Ọbabìnrin, pé ohun tó kù fún olóyè kò ju àmójútó àti ìṣákọ́lẹ̀ lọ, àti pé owó ìyẹn nìkan ni wọ́n jẹ ẹ́. Ilé ẹjọ́ tó wà l'Ékòó gbè sẹ́yìn ìjọba.

Olúwa kò gbà. Ní ọdún 1920, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí ti Èkó lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́ Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ilé ẹjọ́ náà ní pé ìlú bọ́ sábẹ́ ọba mìíràn kò sọ pé ẹ̀tọ́ ará ìlú lórí ilẹ̀ wọn ti parẹ́. Ó ní kí wọ́n má fi òṣùwọ̀n òfin Gẹ̀ẹ́sì wọn ilẹ̀ Èkó. Ó ní gbogbo ìdílé àti ará àdúgbò ló ni ilẹ̀ náà, nítorí náà kí ìjọba san owó rẹ̀ bí ìgbà tí a ń ra ilẹ̀ pátápátá lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí olóyè sì gbà á fún gbogbo àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Owó tí ọ̀rọ̀ náà já sí ni £22,500.

Ìdájọ́ yẹn rìn jìnnà. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Kánádà ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ ìbílẹ̀ tí a mọ̀ sí Calder ní ọdún 1973, àti nígbà tí ti Ọsirélíà ń dá ẹjọ́ Mabo ní ọdún 1992, ẹjọ́ Olúwa ti Èkó wà lára àwọn tí wọ́n tọ́ka sí. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Owó tí ìjọba san kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1926, èbúté Àpápá ti ṣí, ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ti ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá ní owó ilẹ̀ tó péye máa dá ìdàgbàsókè dúró, ẹ ní kó lọ wo Àpápá.

Ìjọba amúnisìn pàápàá ti ní òfin kan láti ọdún 1917 tó ní kí wọ́n wo iye tí ilẹ̀ ìbá pa lọ́jà ká ní ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ ló fẹ́ tà á. Àwa fúnra wa la wá yí i padà nígbà tí ìjọba ti di tiwa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Abala kìíní rẹ̀ fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé gómìnà lọ́wọ́ kó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Abala 28 fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ padà bí ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ará ìlú bá gba bẹ́ẹ̀. Abala 29 ló wá sọ ohun tí wọ́n máa san. Ilé: iye tí wọ́n lè fi kọ́ irú rẹ̀, kí wọ́n yọ owó ogbó kúrò. Irè oko: iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá dá lé e. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀: owó ilẹ̀ tí onílé san fún ìjọba ní ọdún tí wọ́n gbà á, bó bá san rárá.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ní ọdún 1913, ìjọba òyìnbó ní Olúwa kọ́ ló ni ilẹ̀, pé àmójútó lásán ló ní. Ilé ẹjọ́ àwọn òyìnbó fúnra wọn ní ó tì. Ní ọdún 1978, òfin tiwa ní ẹni tó ra ilẹ̀, tó san owó fún ìdílé, tó kọ́lé sórí rẹ̀, kò ní ilẹ̀, pé ẹ̀tọ́ àtigbé orí rẹ̀ ló ní. Ohun tí Olúwa rí gbà ní Lọ́ńdọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nílé.

Mo jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí aládùúgbò máa ń gbé ìwé wá bá kí a bá wọn kà á, nítorí náà mo ti rí bí òfin yìí ṣe rí nígbà tó bá dé orí tábìlì. Onílé kan gbé fáìlì bàbá rẹ̀ wá, ó fi rọ́bà dè é kí ìwé inú rẹ̀ má baà fò lọ. Risíìtì ìdílé tó ta ilẹ̀ wà níbẹ̀, àtẹ̀ka àwọn tí kò mọ̀wé kọ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Sọ́fè wà níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ń parẹ́. Risíìtì owó ilé tí bàbá san fún káńsù wà níbẹ̀, ti Land Use Charge tí ọmọ ń san báyìí sì wà lórí rẹ̀. Ilé náà jẹ́ oníyàrá mẹ́wàá, márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín. Nítorí iṣẹ́ ọ̀nà kan, àwọn kan wá díye lé e. Wọ́n ka ilẹ̀kùn, wọ́n ka fèrèsé, wọ́n wọn ògiri, wọ́n wo páànù tó ti dípẹtà, wọ́n yọ owó ogbó. Nígbà tó béèrè pé ilẹ̀ ńkọ́, wọ́n ní àyè ilẹ̀ kò sí nínú fọ́ọ̀mù.

Obìnrin tó ń ránṣọ níwájú ilé yẹn, tó ti san owó ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, tó ní maṣíìnì méjì àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ayálégbé tó wà nínú yàrá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bẹ́ẹ̀, ayálégbé ló pọ̀ jù ní Amúkòkò. Bí ilé bá wó, onílé gba owó búlọ́ọ̀kù tí ogbó ti jẹ lára rẹ̀, ayálégbé gba ẹrù rẹ̀ síta, ó sì ń wá ẹni tó máa gbà á sílé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìwé tó wà nínú fáìlì yẹn. Land Use Charge tí ìjọba Èkó ń gbà láti ọdún 2001, iye ilé àti iye ilẹ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ iye tí a máa san. Wọ́n ń wo bí ilẹ̀ ṣe tóbi tó, wọ́n ń wo iye tí ilẹ̀ ń pa ní àdúgbò náà. Ó túmọ̀ sí pé bí ìjọba bá ń gba owó lọ́wọ́ wa, ilẹ̀ wa níye lórí, wọ́n sì mọ iye náà. Bí ìjọba bá ń san owó fún wa, ilẹ̀ wa kò níye mọ́. Mi ò mọ bí a ṣe máa ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ tó bá béèrè.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá fẹ́ ráhùn. Abala 47 ní kò sí ilé ẹjọ́ tó gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó gbà-má-bínú tó tàbí kò tó. Ìgbìmọ̀ tí gómìnà fúnra rẹ̀ yàn ló máa parí irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, abala 44 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní ìjọba kò gbọ́dọ̀ gba ohun ìní ẹnikẹ́ni láì san owó gbà-má-bínú kíákíá, kí ẹni náà sì lè lọ sílé ẹjọ́ lórí iye tó tọ́ sí i. Ìwé òfin ń fi ọ̀nà ilé ẹjọ́ hàn wá, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ń dínà mọ́ wa, àwọn méjèèjì sì wà nílẹ̀ láti bí ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ má rò pé àròsọ ni mò ń sọ, ẹ yíjú sí Bàdíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ jẹ́ àwọn tí ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní abúlé Olúwọlé ní Ìgànmú ní nǹkan bí ọdún 1973, nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ National Theatre. Ìjọba ló kó wọn wá, wọ́n sì rò pé ibẹ̀ ti di tiwọn. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2013, katapílà wọ Bàdíà ìlà-oòrùn, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án èèyàn sì di aláìnílé. Ní àkókò yẹn, Báńkì Àgbáyé ń náwó lórí iṣẹ́ àtúnṣe àdúgbò mẹ́sàn-án l'Ékòó. Bàdíà wà lára wọn, Amúkòkò àti Ajégúnlẹ̀ wà lára wọn. Nítorí òfin Báńkì náà lórí bí a ṣe ń ṣí èèyàn nípò, ìjọba Èkó wá ka àwọn tó fara gbá a, títí kan ayálégbé. Ayálégbé gba ₦90,400. Onílé tí ilé rẹ̀ tóbi jù gba ₦309,780.

Mi ò lè yin iye yẹn. Ta ló lè fi ₦309,780 kọ́ ilé mìíràn l'Ékòó? Ẹ̀yìn tí ilé ti wó sì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ka èèyàn: aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Ṣùgbọ́n Bàdíà fi ohun kan hàn tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn rẹ̀ mọ́. Ìjọba Èkó lè ka ayálégbé. Ó lè kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ó sì lè sanwó fún wọn. Ó ṣe é nígbà tí Báńkì Àgbáyé ní kó ṣe é. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kó máa ṣe é nígbà tí ará Èkó bá ní kó ṣe é.

Mo dé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò. Abala 51 Òfin Ìlò Ilẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìlò ará ìlú, ó sì fẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ọ̀nà àti ojú irin wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ aládàáni tí ìjọba bá ti ní ṣíà nínú rẹ̀ náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ tí wọ́n bá ní ètò ọrọ̀ ajé tàbí ti ilé iṣẹ́ ńlá nílò. Ihò yẹn fẹ̀ tó fún tírélà láti gbà kọjá.

Ilé ẹjọ́ ti gbìyànjú láti dí i. Nínú ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation ní ọdún 1991, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lórúkọ ará ìlú, tó wá jẹ́ pé aládàáni kan ni wọ́n fẹ́ gbé e fún, ìgbàlẹ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ kan náà dá ẹjọ́ ilẹ̀ Ìbàfọ̀n, lọ́nà Àpápá níhìn-ín. Lórúkọ àjọ tó ń bójú tó èbúté ni ìjọba àpapọ̀ fi gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà ní ọdún 1976, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ló wá rí i yá. Ilé ẹjọ́ kò fara mọ́ ọn. Ẹ bá mi ka ọdún tó wà láàárín 1976 àti 2012. Ẹni tó ní agbára àti lọ́yà ló lè dúró de irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ránṣọ ní Amúkòkò kò lè dúró dè é.

Àwọn ará Màrókò náà kò lè dúró dè é. Ní oṣù Keje ọdún 1990, lábẹ́ Gómìnà Raji Rasaki, ìjọba fún wọn ní ọjọ́ méje, ó sì lé nǹkan bí 300,000 èèyàn kúrò. Wọ́n ní omi lè bo ibẹ̀, pé àdúgbò náà kò bójú mu. Lónìí, ilé olówó gọbọi àti ilé iṣẹ́ aládàáni ló kún ibẹ̀. Omi tí kò jẹ́ kí tálákà gbé níbẹ̀ kò dí ọlọ́rọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ wá wo bí àwọn oníṣòwò ṣe ń ra nǹkan lọ́wọ́ ara wọn, ní Àpápá níhìn-ín. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Flour Mills kéde pé àwọn fẹ́ ra Honeywell Flour Mills, wọ́n sì díye lé gbogbo rẹ̀ ní ₦80 bílíọ̀nù. Wọ́n jókòó, wọ́n dúnàádúrà, wọ́n lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ tó ń mójú tó ìdíje láàárín oníṣòwò àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, kó tó di pé ọ̀kan gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ èkejì. Òfin ìdókòwò ilẹ̀ wa tún sọ pé ẹni tó bá ti ra ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ṣíà ilé iṣẹ́ tí ará ìlú ní ṣíà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún àwọn oníṣíà kéékèèké yòókù láǹfààní láti ta tiwọn náà. Ẹni tó ní ṣíà ọgọ́rùn-ún péré, òfin ń dáàbò bò ó: wọ́n á kọ̀wé sí i, wọ́n á sọ iye tí wọ́n fẹ́ san, ó lè gbà, ó lè kọ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́wàá ní Amúkòkò, ọ̀dà pupa lára ògiri ni ìwé tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀dà lára ògiri kọ́ ni òfin sọ. Abala 44 nínú Òfin Ìlò Ilẹ̀ ní kí wọ́n fi ìwé lé ẹni tó ni ilẹ̀ lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbi tó ń gbé, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá ti wádìí títí tí wọn ò mọ ẹni náà ni wọ́n tó lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé. Òfin tó le tó báyìí pàápàá, a kò tẹ̀ lé ìwọ̀nba àánú tó wà nínú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún yín. Wọ́n máa ní owó kò tó. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan bá níye lórí tó láti gba ilé èèyàn, ó yẹ kó níye lórí tó láti san owó ilé náà. Owó kọnkéré, owó irin àti owó kọntirakítọ̀ wà nínú ètò ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì gba owó ọdún kan. Wọ́n máa ní ìdílé méjì máa ń jà lórí ilẹ̀ kan, pé ta ni àwọn máa san án fún. Ẹ fi owó ilẹ̀ sí àkáǹtì ilé ẹjọ́ títí ìdájọ́ á fi jáde, ẹ sì san owó ilé fún ẹni tó kọ́lé àti owó ìṣípòpadà fún ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, torí ìjà ìdílé kò kan àwọn. Wọ́n máa ní àwọn kan kọ́lé sójú àgbàrá láìgba ìwé. Òótọ́ ni, a kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èèyàn ni àwọn náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó ń dájọ́ àwọn ará Òtòdo Gbàmẹ̀ àti àwọn àdúgbò etí omi mìíràn, Adájọ́ Onígbànjo ní lílé èèyàn kúrò nílé láì fún wọn ní ibi tí wọ́n máa lọ lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ wa. Ilé ẹjọ́ yín ni, l'Ékòó níbí.

Nítorí náà, Ọlọ́lá Jùlọ, àwọn ohun tí ẹ lè ṣe láìdúró de Àbújá nìwọ̀nyí.

Èkíní, ẹ pàṣẹ pé kí iṣẹ́ ìjọba Èkó kankan má wó ilé kí owó gbà-má-bínú tó dé ọwọ́ onílé. Bí owó bá pẹ́, ẹ san èlé rẹ̀ bí báńkì ṣe ń san án, torí abala 29 Òfin Ìlò Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí èlé lórí owó ilé tó bá pẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa kò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ yẹn wà, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún wọn.

Èkejì, ẹ fi iye ilẹ̀ kún ohun tí ẹ ń san. Iye tó wà nínú ìwé Land Use Charge yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Òfin sọ ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ san, kò ní kí gómìnà má fi ojú àánú san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ ka ayálégbé àti oníṣọ́ọ̀bù mọ́ àwọn tó máa gba owó, bí wọ́n ṣe kà wọ́n ní Bàdíà, ṣùgbọ́n kí kíkà náà ṣáájú wíwó. Ẹ lo abala 33 òfin kan náà tó fún yín láyè láti fi ilé mìíràn rọ́pò ilé tí ẹ bá gbà, kí ilé náà má sì jìnnà sí ibi iṣẹ́ àti ilé ìwé ọmọ wọn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe sínú gásẹ́ẹ̀tì, sínú ìwé ìròyìn, àti sára ògiri sẹkitéríà ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní èdè Yorùbá, torí ọ̀pọ̀ onílé àdúgbò wa kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ kò bá fi ilẹ̀ ṣe ohun tí ẹ kọ, ẹ kọ́kọ́ fi lọ ẹni tí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó di pé oníṣòwò kankan fojú kàn án.

Ẹ̀yin ọlọ́lá aṣòfin, tiyín yàtọ̀. Ẹ sọ àwọn àṣẹ mẹ́rin wọ̀nyí di òfin ìpínlẹ̀, kí gómìnà tó bá dé lọ́la má lè fi ọwọ́ kan pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí pé abala 315 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti de Òfin Ìlò Ilẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé àtúnṣe rẹ̀ gba ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àgbà àti kékeré l'Ábújá, kó sì tún gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́rìnlélógún nínú mẹ́rìndínlógójì. Ìbò Èkó lè jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rìnlélógún yẹn. Kò sí ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré tó ti Èkó, kò sì sí èyí tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń dùn tó o. Bí Èkó kò bá ṣáájú, ta ni yóò ṣáájú? Ẹ gbé ìpinnu jáde nílé yín pé kí wọ́n tún abala 29 ṣe kó lè san owó ilẹ̀, kí wọ́n sì pa ohun tí abala 47 sọ nípa owó gbà-má-bínú rẹ́ kí ilé ẹjọ́ lè gbọ́ wa. Ẹ sọ fún àwọn ìpínlẹ̀ yòókù pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú yín.

Ẹ̀yin ará Amúkòkò, Ajégúnlẹ̀ àti Bàdíà, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín náà. Ẹ tọ́jú ìwé yín. Ẹ ṣe ẹ̀dà risíìtì ìdílé, sọ́fè àti owó ilé, kí ẹ̀dà kan wà ní ọwọ́ ọmọ yín tó ń gbé ibòmíì. Ayálégbé, gba risíìtì owó ilé rẹ, má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí wọ́n bá mú fọ́ọ̀mù wá, ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá kà fún yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tálákà kò lè béèrè. Èèyàn wa kan béèrè ní ọdún 1913, ó sì béèrè títí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ọlọ́lá Jùlọ, ẹ̀yin ọmọ ilé aṣòfin, ẹ pè wá sí ìpàdé ìtagbangba ní sẹkitéríà Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn. A máa wá, a máa mú fáìlì wa lọ́wọ́, a sì máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí ilé àkọ́kọ́ tí ẹ bá tún máa gbà ládùúgbò wa jẹ́ èyí tí onílé rẹ̀ ti gba owó ilẹ̀ rẹ̀ pé, tí ayálégbé inú rẹ̀ sì ti ní kọ́kọ́rọ́ ibi tó ń lọ lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Olùgbé Amúkòkò kan